Ẹ fẹ́ gba ọmọ láti ilé wá sí Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì

"Ìwé kóòtù ti wà lọ́wọ́ wa. Kí ló tún kù?"

Bí ìbéèrè náà ṣe máa ń wá nìyẹn, orí fóònù láti Ìbàdàn tàbí Èkó ló sì sábà ti ń wá. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń gbé ní Texas ló bi mí kẹ́yìn. Wọ́n ti lọ sílé, wọ́n ti rí ọmọ, adájọ́ ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ti di tiwọn. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ti ya fọ́tò, ọkọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó ló kù sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ, wọ́n ní físà kò lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo bi wọ́n pé ta ló yẹ ilé wọn wò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó lọ. Wọ́n dákẹ́ lọ gbári. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìyàwó yẹn fi háyà yàrá méjì ní Bódìjà kí ọmọ tó wọ bàálù.

Ẹnikẹ́ni kò lù wọ́n ní jìbìtì. Ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé lókè òkun tó fẹ́ gba ọmọ láti Nàìjíríà, ìlú tó ń gbé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí ọmọ wà ló tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ó gùn díẹ̀.

Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń dà wá lójú rú. Ta ni kò gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíì rí nínú wa? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò, ọmọ abúlé ń gbé lọ́dọ̀ tíṣà. Alágbàtọ́ ń bọ́ ọ, ó ń san owó ilé ìwé, ó ń bá a wí, ṣùgbọ́n tí ọdún bá dé, ọmọ mọ ilé bàbá rẹ̀. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Àgbàtọ́ nìyẹn. Ìsọdọmọ yàtọ̀ pátápátá. Òfin máa ń já okùn tó so ọmọ pọ̀ mọ́ àwọn tó bí i, á sì so ó mọ́ ẹlòmíì, títí ayé. Ẹ̀tọ́ kọjá, ogún kọjá, orúkọ sábà máa ń kọjá pẹ̀lú. Nígbà tí òṣìṣẹ́ físà bá ń béèrè, ìsọdọmọ ló ń béèrè. Àfídáfíìtì tí bàbá ọmọ lọ búra ní kóòtù pé òun yọ̀ǹda ọmọ òun fún ẹ̀gbọ́n òun ní Houston, àgbàtọ́ ló ń sọ. Ìwé tí gbogbo mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí, tí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́, àgbàtọ́ náà ni. Ìlànà Ìsìláàmù, tó gbà ká tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣùgbọ́n tí kò gbà ká fi orúkọ bàbá ẹlòmíì pè é, àgbàtọ́ ló sún mọ́ jù; ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya kò ní ìsọdọmọ nínú òfin wọn rárá.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, òfin kan ṣoṣo kọ́ ló wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ni ti ìjọba àpapọ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007. Nínú òfin àpapọ̀ yẹn, tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí tí kò láya gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 35, ọmọ tí ó máa gbà sì ní láti jẹ́ irú tirẹ̀, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko kí adájọ́ tó lè sọ ohunkóhun. Òfin yẹn tún fẹ́ kí ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kí ẹ sì ti máa gbé ní ìpínlẹ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń lo apá tó kẹ́yìn yìí fún àwọn tó ti òkè òkun wá yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìrírí ẹni tó gba ọmọ ní Ògùn lọ sí Ọ̀ṣun. Ẹ bi iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ gba èsì wọn sínú ìwé.

Oṣù mẹ́ta yẹn ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ẹni tó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kò lè fi gba ọmọ.

Ó yá, Amẹ́ríkà. Òfin físà ibẹ̀ máa ń yí padà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀nà yìí ṣì ṣí fún ọmọ Nàìjíríà. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní ìlú Hague lọ́dún 1993, lórí gbígba ọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí fọ́ọ̀mù ẹni tó ń gba ọmọ láti Kútọnu fi yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gba ọmọ láti Badagry, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà làwọn ọmọ méjèèjì lè máa sọ. Ti Nàìjíríà, ọ̀nà ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ń gbà: Fọ́ọ̀mù I-600A ni ẹ kọ́kọ́ ń kọ kí ẹ tó mọ ọmọ tí ẹ máa gbà rárá, I-600 sì wá jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Láti July 2014, òfin ti sọ ọ́ di dandan pé àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ náà, ì báà jẹ́ ọmọ àbúrò yín lẹ ń gbà. Ẹni tó ti gba ọmọ tán láìsí àjọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò dí tán, àmọ́ ó máa padà sẹ́yìn wá tún gbogbo rẹ̀ to. Oṣù mẹ́rìnlá Bódìjà yẹn, iṣẹ́ títún-to ló jẹ ẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ I-600 gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú, kò tó. Ọ̀nà tó wà fún ẹni tó ní green card ni kí òun àti ọmọ ti jọ gbé fún ọdún méjì, kí àṣẹ ìtọ́jú ọmọ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì, kí ìsọdọmọ sì ti parí kí ọmọ tó pé ọdún 16, kó tó wá kọ I-130, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pe ẹbí wá. Ta ló lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì lọ gbé nílé? Àwọn kan ń ṣe é. Ìyá ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ "aláìlóbìí" ló wá le jù, nítorí ọmọ ẹbí ni ọ̀pọ̀ wa ní lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Tàbí kí ẹ̀gbọ́n wà láàyè, kí nǹkan má rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó ní, "Mú ọ̀kan nínú wọn lọ, jàre." Lójú òfin Amẹ́ríkà, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ wà láàyè, tí wọ́n jọ ń tọ́ ọ, kì í ṣe aláìlóbìí, bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n. Tí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló kù láàyè, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò lágbára láti tọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ní ìlú yẹn, kó sì fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda ọmọ fún ìsọdọmọ àti fún ìrìnàjò, láìní yí ọ̀rọ̀ padà. I-600 náà gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ọmọ tó pé ọdún 16, àfi tí wọ́n bá ti gba àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú, nígbà náà ó lè dé 18.

Ohun tí àwọn ẹbí kì í sọ jáde ni pé ọmọ á lọ, á kàwé, á wá kọ̀wé pe ìyá rẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí jókòó kí ẹ ka èyí sí wọn létí: ọmọ tó bá gba ọ̀nà yìí wọ Amẹ́ríkà kò lè kọ̀wé pe bàbá tàbí ìyá tó bí i láéláé. Òfin ti já okùn yẹn. Mo ti rí ibi tí ìyá kan ti gbọ́ gbólóhùn yìí ní ọ́fíìsì lọ́yà, tó gbé bírò sílẹ̀, tó sì ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sùn lé e." Kò padà wá. Ojú ti àwọn ẹbí, inú wọn ò dùn, àmọ́ lójú tèmi obìnrin yẹn nìkan ló gbọ́ ohun tí lọ́yà sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àyẹ̀wò ilé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti máa ń bínú.

Obìnrin kan á wá yẹ ilé yín wò, ó lè wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á wo ibi tí ọmọ máa sùn. Á béèrè ibi tí ẹ ń kó oògùn sí. Á tẹ ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá rú, láti gbọ́ bóyá ó ń ké. Á gba ìwé owó oṣù, ìwé orí, ìwé dókítà. Gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé ló máa tẹ̀ka. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin ń gba ọmọ, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn náà tẹ̀ka, mọ́mì ń kùn títí wọ́n fi délé pé ọlọ́pàá ò mú òun rí láyé òun. Ẹni tí ọlọ́pàá bá ti mú rí, kó sọ ọ́, ì báà jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti pa ẹjọ́ náà rẹ́. Mímú kọ́ ló sábà máa ń ba ìwé jẹ́. Ìfarapamọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni á wá bi yín ní ìbéèrè. Ó bi àbúrò mi pé, "Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, báwo ni wọ́n ṣe ń bá yín wí?" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kòbókò." Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ máa ṣe tí ọmọ bá da omi gbígbóná sílẹ̀?" Ó rántí bàbá wa, ó gbé ojú sókè díẹ̀ kó tó dáhùn, ó ní òun á kọ́kọ́ wò ó bóyá omi náà kò jó o. Ìdáhùn yẹn ni obìnrin náà fà ilà sí nídìí. Wọn kò retí pé kí ẹ sọ pé ẹnikẹ́ni kò nà yín rí. Wọn á mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ronú lé e.

Á tún béèrè nípa àìrọ́mọbí yín. Ibí yìí ni kí ẹ ti sọ òótọ́. Àwọn kan láàárín wa gbà pé tí àgàn bá gbọ́mọ, ọmọ náà á pe ọmọ mìíràn wá sínú ilé. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ pé obìnrin gbọ́mọ tán kó tún wá lóyún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìjẹ láti fi mú ẹja mìíràn, kó jọ̀wọ́ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Tí ìwé àyẹ̀wò ilé bá parí, ẹ tètè fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú I-600A; tí ó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, wọn ò ní gbà á. Ìgbà tí ìjọba bá ti dá yín lóhùn pé ẹ yẹ lẹ́ni tó ń gba ọmọ ni kí ẹ wá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nílé, tí kóòtù bá ti parí tirẹ̀, kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Èkó á tún ṣe ìwádìí tiwọn: wọn á wò ó bóyá ìwé ọlọ́pàá tó sọ ibi tí wọ́n ti rí ọmọ jẹ́ òótọ́, wọ́n lè ránṣẹ́ sí ilé ọmọ aláìlóbìí náà, wọ́n lè ní kí àwọn ẹbí ṣe DNA. Kò sí lọ́yà tó lè fi ìyẹn sáré. Ẹ béèrè jẹ́nótáìpù ọmọ ní àkókò yìí, kí ẹ sì béèrè ìtàn àìsàn rẹ̀; dókítà físà máa yẹ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àmọ́ àyẹ̀wò físà kò bo gbogbo nǹkan tí òbí fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn, torí ìlẹ̀kùn ti tì. Láti ọdún 2021 ni ìjọba ibẹ̀ ti fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kò gbà kí ará ìlú wọn lọ gba ọmọ, nítorí òwò ọmọ àti ìwé ayédèrú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀ lè kọ̀wé pé kí wọ́n yẹ òun wò lọ́tọ̀. Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá ti gbọ́mọ tán ní Èkó, ta ló máa gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ní Heathrow? Òfin ìsọdọmọ wọn ti ọdún 2002, abala 83, sọ pé ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tó bá mú ọmọ wọlé láti sọ ọ́ dọmọ láìtẹ̀lé ìlànà, tàbí ọmọ tó gbà lókèèrè láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn, lè fẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá jura. Òfin náà ò bìkítà bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni wọ́n ń dà lóró. Ní 2004, ọmọ tó ju 22,000 ló wọ Amẹ́ríkà nípa ìsọdọmọ. Ní 2023, wọn kò tó 1,500. Ethiopia ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2018, China ti tirẹ̀ ní 2024. Ibi gbogbo ni wọ́n ti rí i pé níbi tí owó bá ti pọ̀ ju ọmọ aláìlóbìí lọ, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kiri.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílé. Obìnrin á lọ sí "ibi ìtọ́jú", wọ́n á fún un ní nǹkan mu tí ikùn á fi wú, wọ́n á ní kó má lọ ya fọ́tò oyún níbòmíì, lọ́jọ́ ìbímọ wọ́n á kùn ún lóorun, ó máa jí bá ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù náírà ti lọ. DNA kọ́ńsúléètì ló máa ń tú u, ọmọ á sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ibòmíì, aṣojú á kàn sọ fún yín pé, "A ó kọ orúkọ yín sí ìwé-ẹ̀rí ìbí bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i." Tí ẹ bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, ẹ gbé báàgì yín. Abala 30 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé ẹni tó ra ọmọ àti ẹni tó tà á lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò èèyàn, sì ni wọ́n dá sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa san owó lọ́yà, owó àjọ, owó fọ́ọ̀mù, owó bàálù. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò ní iye.

Ká wá ní ọmọ ti dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ti ilé ọmọ aláìlóbìí wá, gbogbo obìnrin ló ń pè ní Mọ́mì. Ní ṣọ́ọ̀bù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú ilé. Itan ẹnikẹ́ni ló ń gùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe yá mọ́ èèyàn!" Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti yé e pé níbi tí ọmọ ti wá, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni mọ́mì, kò tíì mọ̀ pé mọ́mì lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́rin ni obìnrin yìí kò jẹ́ kí ẹlòmíì bọ́ ọ, wẹ̀ ẹ́ tàbí gbé e sùn, àfi òun àti ọkọ rẹ̀; àwọn ẹbí pè é ní onígbèéraga. Ó ń pọ̀n ọ́n pẹ̀lú, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀, nínú ilé ní Maryland. Lọ́jọ́ kan ọmọ ṣubú ní pápá ìṣeré, àwọn obìnrin mẹ́ta sáré sí i, ó fi ọwọ́ tì wọ́n, ó ń wò yíká títí ó fi rí ìyá rẹ̀.

Yàrá àdáni tí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sí fún un, ẹ̀rù lè máa ba ọmọ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ti ń bá àwọn mẹ́sàn-án sùn kò mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Tí ó bá gbọ́ Yorùbá, ẹ máa sọ Yorùbá sí i. Èdè yẹn nìkan ni nǹkan tó bá a wọ bàálù. Kí ẹ sì tètè sọ fún tíṣà pé ọmọ tí kì í wo àgbà lójú kò ṣàìsàn.

Àwọn kan á ní kí ẹ má sọ fún ọmọ pé ẹ gbà á ni. Àwọn kan náà ni wọ́n á máa wí lẹ́yìn yín pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, àṣírí á sì tú lọ́jọ́ ogún. Lábẹ́ òfin, ọmọ tí kóòtù sọ di tiyín ní ẹ̀tọ́ sí dúkìá yín bí ọmọ bíbí inú. Ẹ sọ fún un láti kékeré, bí ẹni ń sọ ìtàn, kó má rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ tọ́jú ìwé ọlọ́pàá yẹn, orúkọ àdúgbò tí wọ́n ti rí i, orúkọ tí wọ́n ń pè é kí ẹ tó dé.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù lórí ìwé. Ẹ wo físà tó wà nínú pásípọ́ọ̀tì rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ IR-3, ọmọ ti di ará Amẹ́ríkà láti ọjọ́ tó ti wọlé, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á wá nínú lẹ́tà. Tí ó bá jẹ́ IR-4, green card ni wọ́n fún un. Ẹ ṣì ní láti lọ parí ìsọdọmọ ní kóòtù ìpínlẹ̀ yín kó tó pé ọdún 18. Àwọn kan gbàgbé, ọmọ dàgbà, ó lọ gba pásípọ́ọ̀tì, wọ́n ní kì í ṣe ará ìlú. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí náà bá dé, ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi sínú fáìlì. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ àbúrò mi ní Oluwadamilol, lẹ́tà tó kẹ́yìn kò wọ inú àpótí. Fọ́ọ̀mù mìíràn ni wọ́n fi ń tún ìyẹn ṣe, N-565.